Ògiri Yàrá Bọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí léèrè ife,
ẹ wọlé, ẹ tẹrí ba díẹ̀, àtẹ́rígbà ibí kúrú.
Ògiri yìí ni mo fi ṣe ìwé.
Èédú ni mo kọ́kọ́ fi kọ ọ́, kí ṣọ́ọ̀kì tó dé.

Ọ̀gá Fápohùndà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, olùkọ́ ìṣirò,
ẹni tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù kọjá bàtà ara ẹ̀.
Ó ní Ẹ̀fọ̀n ò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe é.
Ọkọ́ mẹ́rìnlá, àdá mẹ́ta,
a gbẹ́ ìdí òkè fún sáà méjì gbáko,
síbẹ̀ pápá ọ̀hún ṣì fì sápá kan
bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.
Bọ́ọ̀lù tó bá sá, oko kòkó Bàbá Ọ̀ṣuntúyì ló ń wọ̀,
a ó sì pa ejò kan ká tó mú un bọ̀.

Àgẹ̀rẹ̀ yẹn ló sọ wá di olórúkọ.
Àwọn ará Adó dé, bàtà bọ́ọ̀lù wọn ń dán,
bọ́ọ̀lù wọn ń yí lọ síbi tí wọn ò rán an.
Àwa mọ ibi tí yóò dúró
kó tó mọ̀ fúnra ẹ̀.
Mẹ́fà sí òdo. Ẹ wò ó, lókè fèrèsé.

Ẹ wo '71, ife àkọ́kọ́. Òru ni lọ́rì gbé wa dé,
gbogbo àdúgbò ń pariwo "Ulé! Ulé!"
Àlùkò sùn lọ, ife wà láàárín orúnkún ẹ̀, kò já a sílẹ̀.
Ẹ wo '72. Ẹ wo '74, tí ojú Fájẹ́mirókun wú dí,
tó sì fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé;
ó ní òórùn awọ lòun fi mọ̀ pé ó ń bọ̀.
'75. '77. '78.

Ẹ̀yin náà ti ń fìka kan àlàfo yẹn.
Kò sọ́mọ tó wọbí tí kò kàn án.
"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀ ní '79?"
Òjò ni, mo máa ń wí. Òjò fọ̀ ọ́ lọ.

Páànù yìí ò jò rí.

Èmi ni mo ṣọ́lé lọ́dún náà.
Ó ku ìṣẹ́jú méjì, òdo sí òdo la wà.
Ọmọ Ìjerò kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀n ìgbálẹ̀,
gbá èyí tí ìyá àgbà lè fi etí ìró gbé.
Ó gba àárín ẹsẹ̀ mi.
Kò tiẹ̀ yára. Ìyẹn ló ń dùn mí.
Mo ń ka lẹ́tà tó wà lára ẹ̀
bó ṣe ń yí, bó ṣe ń yí.

Ọ̀gá ò bú mi. Nínú lọ́rì, ó na ọsàn kan sí mi,
ó ní, "Fámúyìíwá, ìṣirò ni.
Nígbà mìíràn, nǹkan a máa ṣẹ́ kù."
N ò lọ mọ́. Mo gba kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí,
mo ń fọ ẹ̀wù, mo ń rán bọ́ọ̀lù, mo ń kọ ògiri,
ife mọ́kànlá, títí wọ́n fi gé ìdajì pápá kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀la lẹ̀yin ọmọbìnrin ń lọ sí Adó,
àkọ́kọ́ irú ẹ̀.
Ìwọ tó ń ṣọ́lé, Mojírọ́lá, dúró.
Gba ṣọ́ọ̀kì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
Kọ ọ́ sínú àlàfo yẹn: òdo sí oókan.
Kọ ọ́ kó hàn.
Lẹ́yìn náà, lọ sùn.
Àgẹ̀rẹ̀ ò sí ní pápá Adó.