Ewé Àárín

Òwú ẹ̀yìn ìwé náà já láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.
Mo fi ìborùn dì í bí ìkókó,
mo gbé e gba Òkèsà, mo sọ̀ kalẹ̀ sí Ìjòkà
lọ́dọ̀ Ọwọ́ẹyẹ tí ń rán ìwé lábẹ́ páànù.

Kò bèèrè orúkọ mi. Ó fi ọ̀bẹ tú u,
ìdìpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdìpọ̀, títí tábìlì fi kún.
"O rò pé ìwé kan lo gbé wá?
Agboolé ni. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀kùn tirẹ̀."

Ọgbà àti ìkún omi nìyí. Òfin nìyẹn,
ojú ewé rẹ̀ ṣì mọ́ tónítóní, a kì í dé ibẹ̀ nílé wa.
Ti àwọn ọba: èyí gbọ́ràn, èyí kọ etí ikún,
ilé wó, wọ́n kó tọmọtìyá lẹ́rú lọ sí etí odò àjèjì.
Ibi orin ìdárò ló dọ̀tí jù,
epo àtùpà, omijé, àtàǹpàkò Bàbá Fálúyì
ti sọ igun rẹ̀ di dúdú bí ìdí ìkòkò.
Àwọn wòlíì kéékèèké tẹ̀ lé e,
wọ́n fẹ́lẹ́ bí ìwé owó orí, síbẹ̀ wọ́n ń kígbe:
ta ló gé ẹnu òṣùwọ̀n? Aṣọ opó dà?

Níbẹ̀ ni Ọwọ́ẹyẹ ti dáwọ́ dúró.

Láàárín májẹ̀mú méjèèjì, àwọn atẹ̀wé
fi ewé kan sílẹ̀ lófìfo.
Olùkọ́ wa níjọ́sí máa ń ní irínwó ọdún ìdákẹ́jẹ́ ni.
Bàbá Fálúyì kò jẹ́ kó dákẹ́.

Òṣómàáló ni bàbá mi àgbà.
Ó ń ta aṣọ láwìn láti Ìkirè títí dé Ọ̀fà;
bí oṣù bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ilẹ̀kùn onígbèsè,
kò ní jẹ, kò ní mu, kò ní naró
àfi bó bá gbowó rẹ̀.
Ewé àárín ló kọ wọ́n sí:

Ráhámọ́tù, Ìwó, ọ̀pá mẹ́ta, ṣílè méje.
Ìyá Àkàngbé, Ìkìrun, àrán, pọ́ùn kan àti tọ́rọ́.
Láwọyin, Ọ̀fà. Ó ní ọmọ òun kú. Màá padà.

Ìlà kan ṣoṣo ló fà á kọjá lórí gbogbo wọn,
tàdáwà kan náà, ọwọ́ kan náà.
Kò kọ pé wọ́n san. Kò kọ ìdí.
Ìyá mi ní ó ti Ọ̀fà dé lọ́wọ́ òfìfo lọ́jọ́ kan,
ó lóṣòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ara rẹ̀
títí ilẹ̀ fi ṣú.

"Kí n yọ ọ́? Ó ti gbó. Mo ní funfun."
Mo ní, "Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán an."

Abẹ́rẹ́ wọlé, abẹ́rẹ́ jáde.
Ẹlẹ́rìí mẹ́rin ń ro ikú kan náà,
ẹnu wọn kò bára mu, bí ti àwọn tí ìjàǹbá ṣojú wọn.
Àwọn lẹ́tà, tó ń kí ìyá onílé àti ará ọ̀nà
bí lẹ́tà ọmọ wa tó wà ní Kùmásí.
Lẹ́yìn náà ìran: ẹranko, ìwo, iná,
àti igi kan tí mo mọ̀.
Igi ìdìpọ̀ kìíní ni, ó tún hù.
Ọwọ́ẹyẹ tẹ ìwé náà sẹ́yìn kó lè yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò,
igi méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra.

Ó lu gọ́ọ̀mù mọ́ ọn. Ó gbé òkúta lé e.
Igba náírà dín nínú owó tí mo mú dání.
Mo rẹ́rìn-ín, mo nàka sí ewé àárín.

Kò rẹ́rìn-ín.
Ọmọ Iléṣà lòun náà.
Ó lóṣòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó káwọ́ lé orúnkún:
"Lọ mú un wá. Mo wà níbí."