Bírò Pupa

Àjà kẹrìnlá ni mo ń gbá ní Hamilton,
láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ fi máa kọjá.
Bí mo bá pa iná, mo máa ń rí adágún láti ibẹ̀,
mo máa ń rí èéfín iléeṣẹ́ tí ń yọ́ irin,
funfun nínú òtútù, bí òwú tí ẹnìkan ń ran láìsinmi.
Èèyàn á pè é lẹ́wà, bí kò bá mí i sínú.

Àwọn tó ni ọ́fíìsì yìí kì í ta irin.
Wọn kì í ta ohunkóhun tí mo lè fọwọ́ kàn.

Lóṣù Èrèlé, apẹ̀rẹ̀ ìdàlẹ̀nù Ọ̀gá Calder kún, ó sì dà sílẹ̀.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń kó ìwé. Ojú mi kàn bọ́ sí i ni.
Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ rèé:
"Èéfín náà ń ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé jẹ́."
Bírò pupa fa igi lé "ń ba."
Ó kọ "lè máa ba" sókè rẹ̀.
Ìwé kejì: "Àwọn kan ní ó ṣeé ṣe kó máa ba."
Ìwé kẹta, ọmọdé ti kúrò níbẹ̀.
Ìwé kẹrin, èéfín pàápàá ti di "afẹ́fẹ́ àdúgbò."
Ìwé karùn-ún mọ́ tónítóní:
"Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń fẹ́ ìwádìí. Ta ló mọ̀?"
Wọ́n fa igi méjì sábẹ́ Ta ló mọ̀.
Ẹni tó fà á ti mọ̀.

Olùkọ́ ni bàbá mi ní Ìpetumodù, bírò pupa ló ń lò.
Bí o bá ṣì í, á yí i po, á kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.
N kò mọ̀ pé irú bírò yẹn lè mú ohun tó tọ́,
kó máa tún un ṣe, kó máa tún un ṣe,
títí yóò fi ṣì.

Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.
Èké wọ́n jù níbí; a lè mú onírọ́.
Iyèméjì ló dínwó:
fọ́n ọn díẹ̀, á hù fúnra rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, èmi àti Dulce Medeiros
jọ ń kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà.
Nelson, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, wà lójú fèrèsé,
ike oògùn ìmí lẹ́nu rẹ̀.
Mo ní, "Ìyá Nelson, èéfín yẹn mà ni."
Ó gbára lé ṣọ́bìrì. Ó wò mí bí ẹni tó káàánú mi.
"Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń fẹ́ ìwádìí.
Ta ló mọ̀?"

Ó tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi tí igi méjì wà.

Obìnrin yìí kì í parọ́.
Ó wá mi kiri nínú ìjì lọ́jọ́ kan nítorí ṣéńjì dọ́là méjì.
Wọ́n kàn ń gbé ẹnu rẹ̀ ni, wọn ò san owó ilé.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a.
Mo gbà. Ẹ ṣáà bá mi ṣírò rẹ̀:
lógún ọdún, Nelson á pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n,
bí èémí bá gbà.
Bí òótọ́ bá wá dé, ta ni yóò bá nílé?

Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lórí tábìlì ẹnìkan ní Ottawa.
N kò ní tàn yín: ẹ̀rù ń bà mí.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ Mọ́ńdè mo bá bírò náà lórí tábìlì, láìdé.
Mo fi sápò.

Lálẹ́ òní mo jókòó sídìí fíríìjì,
mo na ìwé kìíní,
mo fi bírò pupa náà dá "ń ba" padà.
Mo ti wọ bàtà. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni ilẹ̀kùn Dulce.
Iná rẹ̀ ṣì ń tàn,
mo sì ń gbọ́ ikọ́ ọmọ náà láti ara ògiri.