Ojú Irin Tó Dé Àkúrẹ́

Ọkọ̀ ojú irin kò dé Àkúrẹ́ rí.
Ẹ má wulẹ̀ rán mi létí, mo mọ̀.
Ṣùgbọ́n nínú yàrá ẹ̀yìn ilé mi ní Òkè Àró,
lórí pákó ibùsùn àwọn ọmọ tó ti relé ọkọ,
ó ń dé lójoojúmọ́, bí iná bá wà.

Sípóòkì kẹ̀kẹ́ ni irin rẹ̀.
Akínnádé tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Arákàlẹ̀ ló ń kó o jọ fún mi.
Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fi sun ẹran ni?"
N kò dá a lóhùn. Mo ń nà án lórí òkúta,
mo ń di ojú kan wò ó bí ẹni fẹ́ yìnbọn,
títí wíwọ́ ara rẹ̀ fi tán.
Igi ìṣáná tó ti jó lórí ni mo tò sábẹ́ rẹ̀,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún.
Láti irin dé irin, ìka méjì péré.

Agolo sadíìnì ló ń kó ẹrù.
Bọ́tìnnì ńlá, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́tìnnì kékeré:
ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, kò ní yẹ̀ lórí irin.
(Ibi tí mo ti rí bọ́tìnnì, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná.)
Ẹ̀rọ inú rédíò kásẹ́ẹ̀tì tó ti kú ni ọkàn rẹ̀.
Òkè Ìdànrè, ìwé ìròyìn àtijọ́ tí mo rẹ sínú ògì.
Igi kòkó, kànrìnkàn tí mo pa láró, hóró ata ni èso rẹ̀.
Jígí tó fọ́ ni odò Àlà.
N kò da pàǹtí sí i. Àlà tèmi nìyẹn.

Bàbá mi ló rí ọkọ̀ náà,
lọ́dún tó bá lọ́rì kòkó lọ sí Ọ̀ṣogbo.
Ó dé, kò jẹun.
Ó ní ó ń mí bí arúgbó tó gun òkè,
ó ní ilẹ̀ á kọ́kọ́ gbọ̀n kó tó yọ,
ó ní wọ́n ti sọ fún òun: Àkúrẹ́ ló kàn.
Nígbà tó gbin kòkó sí oko wa lọ́nà Òdá,
ó fi ààyè kan sílẹ̀ gbọọrọ láàárín,
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ìbú, láti ààlà dé ààlà.
"Ibí ni yóò gbà. N kò fẹ́ kí wọ́n gé igi mi."
Wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Relúwè.
Ọdọọdún ló ń ro ó, títí ó fi kú.
Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n mi gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀.
N kò bínú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dùn.

Mo ti wọ ọkọ̀ náà fúnra mi lẹ́ẹ̀kan, láti Ọ̀fà.
Kò jọ èyí tí Bàbá sọ.
Ti ẹnu Bàbá ni mo kàn.

Lánàá, Ọ̀rẹ́dọlá, ọmọ ọmọ mi,
ju hóró ẹ̀pà kan sínú agolo.
Ó ní èrò ni, ó ń lọ sí Òdá.
Ọkọ̀ gbéra, ó kọjá Àlà,
ó ń pọ́n ẹsẹ̀ òkè bọ̀, iná lọ.

Ìbírónkẹ́ ló tan tọ́ọ̀ṣì wọlé,
aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́wọ́, bọ́tìnnì mẹ́ta ti dàwátì.
Ó wo èmi. Ó wo ẹ̀pà inú agolo.
Ó pẹ́ díẹ̀.
Ló bá fi ìka kan ti ọkọ̀ náà,
jẹ́jẹ́, títí ó fi gúnlẹ̀.
"Èmi ni mo gbé e dé o. Kí ẹ sì dá bọ́tìnnì mi padà."
Mo ní mo ti gbọ́.
N kò ní dá a padà. Ó mọ̀.

Lẹ́yìn ibùdókọ̀ Òdá, pákó ṣẹ́kù bí ìgbọ̀nwọ́ kan.
Mo ti gbá a mọ́.
N kò gbin nǹkan kan síbẹ̀.