Níbo Ni Kí N Ti Lo Ọyẹ́ Ọdún Yìí?

Ọyẹ́ dé sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóru Ọjọ́rú,
kò kan ilẹ̀kùn, ojú fèrèsé ló gbà wọlé.
Nígbà tó máa fi di àárọ̀, eruku ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì mi,
ètè mi ti sán bí ilẹ̀ odò tó gbẹ,
igi kajú ẹ̀yìnkùlé ń wú ikọ́ bí arúgbó.
Oyè ni ènìyàn ń jẹ;
ọyẹ́ ni í jẹ ènìyàn.

N kò tí ì fi òrí pa ẹsẹ̀ tán tí fóònù fi dún.
Oyèníhùn ni, láti Kánádà:
“Màmá, ẹ wá fi àsìkò òtútù sinmi lọ́dọ̀ wa.
Yìnyín ibí funfun ju òwú lọ,
àwọn ọmọ-ọmọ yín á fi mọ ọmọlangidi, wọn á dé e ní fìlà.”
Mo ní ó dáa. Ṣé ìwọ náà á wà nílé?
Ó ní iṣẹ́ òru ni òun ń ṣe títí ọdún á fi yí,
ṣùgbọ́n hítà wà ní gbogbo yàrá.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Gbádérò pè láti Nọ́wè.
“Kánádà kẹ̀? Ẹ má dá a lóhùn.
Ọ̀dọ̀ tiwa ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jó lójú ọ̀run lóru,
àwọ̀ ewé, àwọ̀ elésè àlùkò.”
Oòrùn ńkọ́?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní oòrùn ti gba ìsinmi láti oṣù Bélú,
ó di Ṣẹ́rẹ́ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìbídùnmọ́yè kò pè. Fọ́tò ló fi ránṣẹ́ láti Dùbáì:
òkè yìnyín tí wọ́n kọ́ sínú ilé ìtajà,
aṣálẹ̀ níta, òtútù nínú,
owó ìwọlé lára ògiri.
Mo wò ó pẹ́.
Kí ènìyàn wà nínú oòrùn, kó wá sanwó kí òtútù lè mú un!

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́mọ ní jọ́gíráfì.
Mo yọ ìwé, mo fi rúlà fa ìlà:
owó bàlúù; físà; bí òtútù ṣe mú tó;
ta ni yóò bá mi jẹun ọ̀sán.
Bírò mi dé ìlà ìkẹyìn yẹn,
kò kọ, ó kọ̀.

Bàbá mi náà fi ìlú wé ìlú,
kì í ṣe torí ìsinmi. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló rù dé Gáò, dé Abijan.
A máa wí pé: “Gáò lówó, omi ni kò ní.
Abijan lómi, ọlọ́pàá ibẹ̀ ni kò jẹ́ á mu ún.
Tàmálè ni mo ti rí oorun sùn.”
Tàmálè náà ni wọ́n bí mi sí,
nínú yàrá kan tó kọjú sí igi dóńgóyárò.
Mo pé ọmọ ọdún méje nígbà tí wọ́n ní kí àlejò máa lọ.
A fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná.
Bàbá ti ilẹ̀kùn, ó ní kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.
Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún wà nínú dúróà mi, ó ti dípẹtà.

Mo fa ìlà mìíràn sábẹ́ Dùbáì.
Físà: kò sí.
Òtútù: ìwọ̀n tí egungun mi mọ̀,
ìyá kan náà ló bí ọyẹ́ ibẹ̀ àti ọyẹ́ Tákíé.
Ta ni yóò bá mi jẹun ọ̀sán?
Mo kọ ọ́ síbẹ̀: n kò mọ̀.

Àwọn ọmọ pariwo. Tàmálè! Kí ló wà níbẹ̀, Màmá?
Mo ní eruku wà. Mo ní ilẹ̀kùn kan wà.
Bóyá wọ́n ti wó o. Bóyá wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo.

Ní Tákíé lánàá, mo ra òrí ẹgbẹ̀rún méjì náírà.
Ọmọbìnrin tó ń tà á ní òtútù ọdún yìí á le o.
Mo ní kó fi èènì sí i,
ọ̀nà mi jìn.