Irinwó Ẹṣin

Igba ẹṣin ló bá ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Àpápá.
Ìwé rẹ̀ ló wí bẹ́ẹ̀. N ò rí ìrù, n ò rí gọ̀gọ̀,
àfi ilẹ̀kùn méjì, àwọ̀ aró tó ti ń ṣí,
àti ìjókòó ẹ̀yìn tí kò gbà ju àpò ìrẹsì kan lọ.
Igba tó. Mo fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá búra pé igba tó.

Oṣù méjì péré, ara mi ti mọ igba
bí ahọ́n ṣe ń mọ ata, tí kò sì ní ta á mọ́.
Ẹ má bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ọgọ́rùn-ún sí i ṣe.
Ẹ bi ẹni tó tún ń bu ata.

Ṣómólú ni Wàídì ti bá mi so ó mọ́ ọn,
lẹ́yìn àwọn ilé ìtẹ̀wé, níbi tí ariwo ẹ̀rọ
kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ iye tí wọ́n ń pè dáadáa.
Tọ́bò: ìgbín onírin,
ìgbín tó ń kọ́ ọkọ̀ ní eré sísá!
Wàídì ní, “Ẹ̀gbọ́n, èéfín tí ẹ ń tú dànù lẹ́yìn,
òun náà ni yóò padà wá tì yín síwájú.”
Mo rò ó títí. Èémí tí mo ti mí jáde,
kó padà wá di agbára mi.
Ta ni ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní sanwó?

Mosúnmọ́lá kò pariwo.
Ó gbé abọ́ sábẹ́ ibi tí àjà ti ń jò,
ó ní, “Nínú ọ̀ọ́dúnrún yẹn,
èwo ló mọ bí wọ́n ṣe ń gun òrùlé?”
N ò dáhùn. Òjò bá mi dáhùn: tó, tó, tó.

Láti ojúlé wa ní Bàrígà dé títì, kòtò mẹ́tàdínlógún.
Mo mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn àna mi.
Níbẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún ẹṣin ń rìn bí aboyún;
ọmọdé tó ń yí táyà kọjá lára wa, ó juwọ́.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Àìkú, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán,
mo gun Afárá Kẹta láti Òwòròǹṣòkí.
Èéfín ilé ìlagi dùbúlẹ̀ lórí ọ̀sà,
ọkọ̀ apẹja Mákòókò kéré bí èèpo ẹ̀pà.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Ìgbín súfèé.
Ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ ìjókòó bí òǹtẹ̀ mọ́ ìwé,
ọkàn mi kù sẹ́yìn ní Adékúnlé,
Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti wá bá mi.
Gbèsè kò dá mi mọ̀ lórí omi yẹn.
Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tí mo ti lò láyé
ń sáré lẹ́yìn, kò lè lé mi bá.

Wọ́n ní ẹni gun ẹṣin, bí kò bá ju ìpàkọ́,
ẹṣin á bá a jù ú.
Ọ̀ọ́dúnrún ló bá mi jù ú.
Ọrùn ń dùn mí títí di Ọjọ́bọ̀.

Kí ọdún tó yí, ó ti di irinwó.

Ìgbà yẹn ni mo mú Tiwalọlá ọmọ mi lọ sétíkun.
Ọmọkùnrin kan fa ẹṣin wá, ẹyọ kan ṣoṣo,
egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà,
ó ní kí ọmọ gùn ún, kí á ya fọ́tò.
Ẹṣin náà ń gbẹ́sẹ̀ lórí yanrìn bí ẹni tó ń yẹra fún ẹyin,
ọmọ mi sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n ò gbọ́ rí
nínú ọkọ̀ mi, níbi tó ti máa ń di ilẹ̀kùn mú.
Ẹṣin wò mí. Mo wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi.
Mo ní, irinwó irú ẹ ni mo fi tapólì bò sílé.
Ó fọn imú bí ẹni tó gbọ́ irọ́.

Lálẹ́, Wàídì pè. Páìpù tuntun kan ti dé,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kò jìnnà mọ́.
Mo ní rárá. Mo ní kí n tún òrùlé ṣe ná.
Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ń gbọ́ omi nínú abọ́:
tó, tó.
Bóyá ó tó ni o, bóyá ó ń bi mí ni, n ò mọ̀.
Mo pè é padà.