Eku Tí A Fowó Rà

Dọ́là mẹ́rìnlélógún ni mo fi ra eku.
Mi ò tíì sọ ọ́ fún ìyá mi ní Ìsẹ́yìn.
Èmi ni mo ń pè é ní eku; Ìmísí ní kì í ṣe eku,
ó ní hámústà ni, ó ní Mọ́sà lorúkọ rẹ̀,
nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bíi mọ́sà tí màmá rẹ̀ ń dín ní Sátidé.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, Sáskátúùn di yìnyín gbagidi,
òtútù wọ méjìdínlógójì nísàlẹ̀ òdo,
ẹ̀rọ ìfọwo ti kọṣẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì,
abọ́ ga nínú síǹkì bí òkìtì ọ̀gán,
Dárásìmí sì ti ilé ìwé dé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan.
Ìkẹta nìyẹn láti ìgbà Kérésì.
Mo ṣì ń bèèrè ìbọ̀wọ́ nígbà tí igbe ta lókè àtẹ̀gùn:
ilẹ̀kùn àgò ṣí sílẹ̀ gbayawu,
Mọ́sà ò sí ńbẹ̀.

A wo abẹ́ ibùsùn. A gbọn bàtà wò.
A gbé àga tìmùtìmù tí a ò gbé rí láti ọjọ́ tí a ti rà á;
a rí búrẹ́dì gbígbẹ, a rí owó wẹ́wẹ́,
a rí ìbọ̀wọ́ kan, ti èṣín, ọwọ́ òsì.
A ò rí eku.
Dárásìmí bá dọ̀bálẹ̀, ó gbé etí lé
ihò onírin tí ooru ń gbà wọlé.
"Dádì, ó ń rìn lọ́nà ọ̀fun ilé."

Àyà mi já. Ẹ̀rọ ooru ń bẹ nísàlẹ̀,
iná ń jó nínú ikùn rẹ̀ bùlàbùlà.
Ìmísí ò sunkún mọ́. Ó kàn ń wò mí,
bí èrò ibùdókọ̀ ṣe ń wo bọ́ọ̀sì mi
bí mo bá fẹ́ kọjá láìdúró.
Mo sọ̀kalẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ náà.

Ẹ bá mi gbọ́ ọ: àárín oṣù Ṣẹ́rẹ́,
èmi, bàbá ọlọ́mọ, mo pa ooru ilé nítorí eku.
Ìyàwó mi mí kanlẹ̀, kò sọ nǹkan kan,
ó kó gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí ibùsùn kan ṣoṣo,
àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ abẹ́ wọn bí iṣu nínú ebè.
A ò sùn báyìí mọ́ láti inú yàrá kan
tí a kọ́kọ́ gbà nítòsí títì Ogún,
nígbà tí Ìmísí ṣì wà níkùn.
Ẹsẹ̀ Dárásìmí ti gùn; ó ń ta mí nígbáròkó.
Ìyàwó mi fi àtẹ́lẹsẹ̀ tútù kan itan mi, mo fò, wọ́n rẹ́rìn-ín.
Lẹ́yìn náà a dákẹ́, a ń tẹ́tí sí ògiri.

Ìyáàfin Oksánà tó múlé tì wá ti yá wa ní tọ́ọ̀ṣì,
ó ní ká fi hóró òdòdó oòrùn sẹ́nu ihò.
Oúnjẹ ní í pe ohun tó sọnù wálé, ó wí bẹ́ẹ̀,
tàbí nǹkan tó jọ ọ́;
Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ àti tèmi kì í pàdé nígbà gbogbo.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, mo dìde fún iṣẹ́.
Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kí n mu gààrí kí n tó jáde,
gààrí tí ìyá mi fi rán wa,
tí a ń fi ṣíbí wọ̀n bí oògùn.
Ni àpò náà bá mí.
Mo yọjú sí i. Mọ́sà náà gbójú sókè,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì wú, ó fi gààrí ṣe irùngbọ̀n.
Ọ̀nà tó gbà débẹ̀, ẹnikẹ́ni má bi mí.

Mo tan ẹ̀rọ ooru. Ó wúkọ́, ó kọ̀, ó gbà.
Ìyàwó mi jọ gààrí, ó tún un jọ, kò dà á nù.
Ẹ má sọ ọ́ níta.

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi pè, iwájú rẹ̀ kún ojú fóònù:
"Dárásìmí ní eku ń dà yín láàmú. Ṣé ẹ ti mú un?"
"A ti mú un, Mà."
"Ẹ káre. Ṣé ẹ ti pa á?"
Ìmísí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fi ìka méjì
di Mọ́sà létí.