Jẹ àti Jẹ́

Akọ̀wé kan ti Òkè-Mosàn wá sóko wa lọ́nà Òpèjì,
bàtà rẹ̀ mọ́, ìwé rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò.
"Bàbá, èló lẹ pa lọ́dún tó kọjá?"
Bàbá mi, Ṣówùnmí, wojú àpáta tá a sá láfún sí.
Ó ka àpò mẹ́rin.
Ó yọ ti ilé, ó yọ ti àna,
ó yọ ti Ìyá Efúnbọ̀ tí orúnkún ò jẹ́ kó roko mọ́,
ó yọ igi ẹ̀gẹ́ tá a máa gbìn lẹ́ẹ̀rùn tó bá lọ.
"Òdo," ló wí.
Akọ̀wé kọ ọ́: àgbẹ̀ àrojẹ.
Ó ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò ju ẹnu rẹ̀ lọ ni.
Bàbá ní bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.
Akọ̀wé ò kọ ìyẹn.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mò ń ha amọ̀ lára ọkọ́.
Bí ẹni tí òkúta wọ bàtà rẹ̀
ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà rìn délé.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àmì ohùn bíńtín ló pààlà:
mo jẹ. Mo jẹ́.
Ta ló jẹ tí kò kọ́kọ́ jẹ́?
Ta ni yóò jẹ́ pẹ́, tí kò bá jẹ?
Olùkọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóẹ̀tán, fi ẹfun kọ ọ́ sójú pátákó:
ohun kan ń bẹ tó dúró sábẹ́ ohun gbogbo;
àwọ̀ lè ṣí, òórùn lè lọ,
òun ló gbé e ró.
Kíláàsì pa lọ́lọ́. Èmi bú sẹ́rìn-ín.
Ẹ má bínú, sà.
Abẹ́ òkúta ni wọ́n bí mi sí.

Wọ́n ti fọ́ àpáta láfún báyìí, wọ́n ti kó o dà sójú títì.
Èmi náà ti dolówó oṣù:
fóònù á dún kín-ín,
mo yọ ti iná, mo yọ ti háyà, mo yọ ti gbèsè,
ọjọ́ karùn-ún, òdo.
Kò sẹ́ni tó wá kọ mí sílẹ̀ ní àrojẹ.
Táì wà lọ́rùn mi.

Lánàá, Bàbá fi láfún rán awakọ̀ kan sí mi ní Láfẹ́ńwá.
Ó ní etí títì lòun sá a sí, kí n má bínú.
Mo fi ro ọkà lálẹ́.
Òkúta ha mí léyín.
Mi ò tu ú dànù.